Ẹsẹ̀ Òsì Nìkan Kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Christy Brown, fíìmù ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún 1989 ni Jim Sheridan gbé My Left Foot jáde. Daniel Day-Lewis ló ṣe Christy, Brenda Fricker ló ṣe ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gba Oscar. Fíìmù náà dùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìwé tí wọ́n ti mú un jáde, èyí tí Christy fúnra rẹ̀ kọ ní 1954, ń sọ nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Dublin ní Ireland ni wọ́n bí Christy sí ní 1932. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ 22 ni ìyá rẹ̀ bí, 13 ló dàgbà. Cerebral palsy ló ní: kí wọ́n tó bí ọmọ, nígbà ìbí, tàbí ní kété lẹ́yìn ìbí, nǹkan kan ṣèpalára fún ibi tó ń darí iṣan nínú ọpọlọ. Apá lè le gbagidi, ẹsẹ̀ lè máa jà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè má já geere lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, orí wọn pé pérépéré. Ní ti Christy, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ibi tí kò sẹ́ni tó máa ń gbàgbé nínú fíìmù yẹn ni ibi tí ọmọdé Christy ti fi ẹsẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì, tó kọ MOTHER sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá gbé e lé èjìká, ó di ilé ọtí. Ara èèyàn á bù máṣọ.

Nínú ìwé ńkọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó fi ẹsẹ̀ já ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá kọ lẹ́tà A kan ṣoṣo sílẹ̀, ó ní kó kọ irú ẹ̀. Ó gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ó tún gbìyànjú. Ìyá ò dìde níbẹ̀. Nígbà tó yá, A jáde. Ó tán. Orí kìíní nìyẹn. MOTHER ní orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí ìyá ti jókòó kọ́ ọ ní àwọn lẹ́tà yòókù. Àárín A àti MOTHER ni iṣẹ́ gidi wà, ibẹ̀ sì ni fíìmù ti sáré kọjá. Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwíà jẹun mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọjọ́ tí kóòdù bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń ka oṣù tí kò fi ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo orí tó pè ní Henry. Henry kì í ṣe èèyàn o. Kẹ̀kẹ́ jákujàku kan ni, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wọ́ ọ kiri àdúgbò, tó fi ń bá wọn ṣeré, tó fi ń bá ẹgbẹ́ jẹ ayé. Ọjọ́ tí Henry bàjẹ́ ni Christy di ará ilé, ìgbà yẹn ló sì tó yé e pé òun yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ẹ rò ó wò: ara rẹ̀ ò yí padà, kẹ̀kẹ́ ló bàjẹ́.

Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé, wọ́n ti ní kó fi ẹsẹ̀ òsì yẹn sílẹ̀ ná, torí ó ń ni ara yòókù lára. Ló bá ń sọ ọ́, àwọn àbúrò ń kọ ọ́. Dókítà Robert Collis ka iṣẹ́ náà, ó ní kó lọ tún un kọ. Ìyá ti ra bíríkì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá fún un lẹ́yìnkùlé fúnra rẹ̀, títí bàbá àtàwọn ọmọ fi dara pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ti Christy wá dojú rú: ìsàlẹ̀ nìkan layé ń wò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn ò wo kẹ̀kẹ́, wọn ò wo yàrá, wọn ò wo àbúrò tó di bírò mú.

Mi ò ní fíìmù náà gbàgbé ìyá. Ojú Brenda Fricker nìkan tó gbogbo rẹ̀ í gbé. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń ti ìdí rẹ̀ dìde pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ ìyanu la rí. Ẹni tó bá sì ń retí iṣẹ́ ìyanu kò ní tún ọ́fíìsì rẹ̀ ṣe. Ṣé àfi kéèyàn jẹ́ Christy Brown kó tó rí iṣẹ́? Ẹni tó ní cerebral palsy tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ò nílò àtẹ́wọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ní ka ìka tó gbọ̀n sí ìtẹ̀ méjì ló ń fẹ́. Windows ti ní i tipẹ́, wọ́n ń pè é ní Filter Keys. Ìpàdé tí wọ́n á ti dúró kó parí gbólóhùn rẹ̀ ló ń fẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Speechless, eré ẹ̀fẹ̀ tí ABC ṣe ní Amẹ́ríkà láti 2016 sí 2019. Micah Fowler tó ṣe JJ ní cerebral palsy fúnra rẹ̀. JJ ò lè sọ̀rọ̀; iná kékeré kan tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lára pátákó, ẹlòmíì á wá kà á jáde. Obìnrin olóhùn tín-ín-rín kan ni ilé ìwé kọ́kọ́ fún un. JJ kọ̀ jálẹ̀. Kenneth, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé, lòun fẹ́. Ohùn ta ni ọ̀rọ̀ mi yóò gbà jáde? Ìbéèrè ńlá nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi bi í. Ìyá JJ máa ń gba eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà míì, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin lásán ni wọ́n jẹ́ kó jẹ́: ó ń wá ọ̀rẹ́, ó fẹ́ lọ pátì, ó ń ṣe agídí.

Christy náà padà fi ìwé àkọ́kọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, bí ìtàn ọmọ aláàánú. Ní 1970 ló gbé ìtàn àròsọ Down All the Days jáde. Ẹ ka méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá dé èkejì, ẹsẹ̀ òsì ti di irinṣẹ́ lásán, bíi kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú mi yìí. Gbólóhùn ló kù tí ẹ máa bi í léèrè: ṣé ó dáa àbí kò dáa?