Ojú àti Ìwọ̀n nínú Mr Tompkins in Wonderland

Ìtàn àròsọ tí a fi ń kọ́ni ni Mr Tompkins in Wonderland, tí George Gamow, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde ní 1940. Akọ̀wé báǹkì kan lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ Einstein; oorun gbé e lọ, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìlú tí ìmọ́lẹ̀ kò ti fi púpọ̀ yára ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ. Ní ayé gidi, ìmọ́lẹ̀ ń rìn tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nípa dídín eré yìí kù ni Gamow fi mú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ wá sí ẹ̀bá títì.

Oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, Mr Tompkins sì rí i pé ó ti fún pẹlẹbẹ. Ibí yìí ni ìtàn náà ti mẹ́hẹ. Lóòótọ́, bí ènìyàn bá wọn ohun tí ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, gígùn rẹ̀ yóò dín kù. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n yàtọ̀ sí wíwò. Ẹni tí ó ń wọ̀n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iwájú àti ẹ̀yìn nǹkan náà wà ní àkókò kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá jùmọ̀ dé inú ojú ni ojú ń rí, èyí tí ó sì ti ọ̀nà jíjìn wá ti gbéra ṣáájú èyí tí ó ti ìtòsí wá. Ní 1959, James Terrell àti Roger Penrose fi hàn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò dàbí èyí tí ó yí ara. Bọ́ọ̀lù tí ó ń sáré kọjá yóò ṣì rí róbótó. Bí oníkẹ̀kẹ́ náà bá tilẹ̀ kúrú lójú Mr Tompkins, kíkúrú ẹni tí ó yí ara ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ìbá sì hàn. (Anton Lampa ti kọ ohun tí ó jọ èyí ní 1924, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á sí.)

Ti àkókò ni Gamow ti yege. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, arúgbó obìnrin kan pàdé ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé, ó sì pè é ní bàbá àgbà: ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú irin lemọ́lemọ́ ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà tètè gbó. Àwàdà yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀ lọ tí ó sì bọ̀, bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá nílé, mẹ́jọ ni yóò kọjá lára tirẹ̀. Ní 1971, Hafele àti Keating gbé aago átọ́míìkì yí ayé ká nínú bàálù. Ìyàtọ̀ bíńtín tí wọ́n bá bọ̀ bá ìṣirò mu, lẹ́yìn tí a ti ṣírò ti òòfà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó sì gbé ìran ibùdókọ̀ yìí ga ju ti oníkẹ̀kẹ́ lọ ni pé ojúkojú ni àwọn méjèèjì dúró. Kò sí ọ̀nà jíjìn kan tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ rìn láàrin wọn. Ewú orí obìnrin náà kì í ṣe ẹ̀tàn ojú.