Òkun Nìkan Kọ́ Ni Ó Jẹ Ilẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Fidjrossè lè kọ gbólóhùn tí ó gún régé pé òkun ń jẹ ilẹ̀ Kútọnu. Olùkọ́ tí ó bá tún gírámà rẹ̀ ṣe nìkan kò tíì kọ́ ọ ní àròkọ. Ìgbì a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri òkúta èbúté tí a ṣí ní 1965 ni ó dá a dúró. Iyanrìn kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn èbúté, níhà tí Fidjrossè wà. Ní ìlà-oòrùn, níhà Akpakpa, òkun gbé ilé lọ. “Kí ló fà á?” ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ sí etí ìwé náà. Ẹ̀kọ́ nípa yìnyín òpin ayé kò burú, ṣùgbọ́n etíkun tirẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ wọ̀n.