Wíwálé Kì í Ṣe Wíwọlé

Àwọn ìlú kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí orúkọ wọn nìkan tó ìtàn. Ìkòyí-Ilé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A kì í fi "Ilé" kún orúkọ ìlú bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan ti gbé orúkọ náà lọ sí ibòmíràn. Ọ̀yọ́ àtijọ́ di Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí Aláàfin Àtìbà ti sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ìlú Oníkòyí náà di Ìkòyí-Ilé, kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Ìkòyí mìíràn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó fọ́ ìlú yìí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ìbàdàn àti sí ibi púpọ̀ mìíràn. Lónìí, ó ti tún di ìlú, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ ìdí orúkọ rẹ̀ kò yí padà: ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó ti lọ pé ibí ni ilé.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò àṣà wíwálé ọdún láàárín wa, n kò mọ ibi tí ó tún dára ju Ìkòyí-Ilé lọ láti dúró wò ó.

Àṣà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ń pa àgbò, Iléyá ni a pè é, etí gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé "ilé yá" ni. Àwọn Kristẹni gba ìpè kan náà ní Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Láyé ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, àwọn èrò a jókòó kojú ara wọn lórí pákó gígùn, orúnkún a máa kan orúnkún, ẹrù a wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn, ẹni tí kò mọ ara wọn rí á ti mọ ìdílé ara wọn. Wọ́n á sọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á wá ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ sí ọ̀nà Ìgbẹ́tì, òun ni yóò gbé wọn dé Ìkòyí. Ẹrù wọn kò pọ̀: búrẹ́dì fún àwọn ọmọdé, aṣọ fún ìyá, kóró ọ̀rọ̀ fún bàbá. Kò sí ẹni tí ó gbé ẹní tàbí ìkòkò lọ sílé, nítorí pé ilé ni ẹní wà, ibẹ̀ náà ni ìkòkò wà.

Bí wọ́n bá dé, wọn a wọlé. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Wíwálé ni kí ènìyàn rìn títí tí ó fi dé ìlú. Wíwọlé ni kí ó tẹrí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà, kí ó dọ̀bálẹ̀ fún baálé, kí wọ́n bu omi fún un, kí wọ́n sì fi ibi tí yóò sùn hàn án. Ẹni tí ó bá sùn nínú agbo ilé ni yóò jí síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì jí síbẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé yóò kí ní oríkì ní ìdájí. Oríkì ìran Ìkòyí kún fún ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n, Johnson sì kọ ọ́ pé iwájú ara ni ọgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà, kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìn. Oríkì náà ń yin ọkùnrin tí ó lọ sójú ogun láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu tí ó ń kì í: ẹnu obìnrin tí ó jókòó ti ilé ni. Akọni kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba oríkì yẹn lójú ọ̀nà. Ó di ìgbà tí ó bá padà wọlé. Egúngún pàápàá, tí í ṣe ará ọ̀run, bí ó bá wá ṣe ọdún, ojúlé dé ojúlé ni ó ń yà. Kì í dúró sí ẹ̀yìn odi kí ó máa ránṣẹ́ owó wọlé.

Àṣà tuntun tí mo fẹ́ bá wí ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wálé láìwọlé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá ni wọ́n ń gbé wá láti Èkó tàbí Àbújá. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún wọn a dé Ìkòyí, wọn a pa ọkọ̀ sí iwájú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ kò ní kú. Bàbá àgbà yóò fi ọ̀pá rìn jáde wá kí wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n ní oúnjẹ tiwọn nínú páálí, wọ́n ní omi tiwọn nínú ike. Àwọn ọmọ wọn a máa wo èwúrẹ́ láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo àwòrán. Wọn a pín owó, wọn a ya fọ́tò, ó di ọdún tí ń bọ̀.

Ọkọ̀ wọn ti di ilé. Irú èyí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ ilé ní tòótọ́, tí ó ní ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ni ó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kí òbí àti ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá, tàbí ní Kérésìmesì. Wọn a pa á sí àgbàlá ẹbí, wọn a bá ẹbí jẹun, bí ilẹ̀ bá ṣú wọn a padà sínú ọkọ̀ lọ sùn. Ìwà ìtẹríba ni wọ́n ka èyí sí, pé àwọn kò fẹ́ da onílé láàmú.

Òǹkọ̀wé wọn John Steinbeck rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ní 1960. Ó ní kí wọ́n gbé ilé kékeré kan ka ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sọ ọkọ̀ náà ní Rocinante, orúkọ ẹṣin Don Quixote, òun àti ajá rẹ̀ Charley sì yí orílẹ̀-èdè náà ká. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, Travels with Charley, jáde ní 1962. Níbẹ̀, ó fi ara rẹ̀ wé ahun tí ó ru ilé rẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé tí ó dùn ún kà ni, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ó dé agbègbè tí a ti bí i ní California, òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ jà nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ó rí i pé ilé tí òun mọ̀ kò sí mọ́, ó sì kọjá lọ. Ó di ẹ̀bi náà ru àkókò tí ó ti kọjá. Lójú tèmi, àkókò nìkan kọ́. Ẹni tí ó ní ibùsùn tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibi tí yóò sá sí bí ìjà bá dé. Ní agbo ilé wa, ẹni tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lálẹ́ yóò bá a pàdé nídìí kànga láàárọ̀, wọn yóò sì ní láti kí ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

N kò sọ pé àwọn tí ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kò ní ìdí. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni ṣáláńgá rẹ̀ ti kún, tí òjò ń jò sí yàrá rẹ̀, tí iná kò sì sí. Ẹni tí ó ní ìyá aláìsàn tàbí ọmọ ọwọ́ kò lè fi irú nǹkan báyìí ṣeré. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù àwọn ẹbí tí ojú wọn kò kúrò lára àpò ẹni. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ilé náà ṣe bí gbogbo ẹni tí ó lágbára láti tún un ṣe bá ti rí ibòmíràn sùn? Ilé tí a kì í sùn, a kì í mọ̀ bí ó ti ń jò.

Ìpalára mìíràn tún wà. Ẹni tí kò fẹ́ sùn sílé tí kò sì rówó òtẹ́ẹ̀lì san ń lọ ó sì ń bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ń fi òru wakọ̀ padà láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ojú ọ̀nà tí ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 nítorí irú ewu yìí, tí Wole Soyinka jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni a ń pè é ní èdè wa. Orúkọ àwọn jagunjagun Ìkòyí ni a fún àwọn tí ń bẹ̀ wá pé kí a rọra wakọ̀. Ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ kò gbọdọ̀ sá padà wálé. Ẹ̀ṣọ́ tòní ń fẹ́ kí gbogbo wa délé láàyè. Ẹni tí ó bá sùn sílé di ilẹ̀ mọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ wọn fún wọn.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi jáde. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú àríwá Ọ̀yọ́ sì pọ̀ nínú àwọn Yorùbá náà. Àwọn mìíràn, Gánà ni a ti bí wọn. Wọ́n fi ìsọ̀ àti ọjà sílẹ̀, wọ́n kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì forí lé ilé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ó ti ń wọlé lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ ilé mọ ohùn rẹ̀, tí yàrá rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń rán wálé, àlejò ni ó jẹ́ lọ́jọ́ tí owó náà tán. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà. Kò sí ìran kan tí ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston.

Nítorí èyí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó ta ọkọ̀ rẹ̀, n kò sì ní kí aláìsàn lọ sùn sórí ilẹ̀ tútù. Mo ń bẹ àwọn ọmọ Ìkòyí, àti gbogbo ẹni tí ó ní ìlú tí ó ń jẹ́ ilé fún un, pé kí wọ́n kó owó òtẹ́ẹ̀lì ọdún díẹ̀ jọ, kí wọ́n fi gbẹ́ ṣáláńgá tuntun, kí wọ́n fi páànù tuntun bo yàrá kan. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ ọkọ̀ kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ wọn lè jí ní ìdájí gbọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́ láti ẹnu ìyá àgbà, nígbà tí ìyá náà ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.