Àjàgà Kì í Ṣe Ẹ̀wọ̀n

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wá kí mi ní ilé. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ọdún mẹ́rin sì ti kọjá tí kò rí iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ó jẹun tán ni ó wí fún mi pé, "Ẹ má bínú, bàbá, n kò ní lè bá yín lọ sí ilé ní ọdún Àjíǹde." Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun ní ilé àdúrà kan pé àjàgà wà ní ọrùn òun, àti pé ìyá bàbá òun ni ó so ó mọ́ òun. Ìyá bàbá rẹ̀ yìí ni ìyá tí ó bí mi. Òun náà ni ó ta aṣọ òkè rẹ̀ méjì ní ọdún tí owó ilé-ìwé ọmọ yìí kò pé.

Èmi kì í ṣe wòlíì, n kò sì fẹ́ ṣe adájọ́ lórí ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ọ̀rọ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni mo jókòó tì, tí mo ń yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Kí ni àjàgà? Ta ni ó ń gbẹ́ ẹ? Kí ni ẹni tí ó gbé e lé ni lọ́rùn fẹ́ fi ọlọ́rùn náà ṣe? Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè di ẹṣin tí ó já okùn, tí yóò gbé ẹni tí ó gùn ún lọ sí ibi tí kò fojú sí.

Ohun èlò àgbẹ̀ ni àjàgà. Igi ni, tí a gbẹ́, tí a sì gbé lé ọrùn màlúù méjì kí wọ́n lè jùmọ̀ fa ohun ìtúlẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nínú àpèjúwe kúkúrú yìí, ohun mẹ́ta ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn: ọrùn méjì ni a sábà ń ṣe é fún, iṣẹ́ ni a torí rẹ̀ ṣe é, a sì máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ́ ẹ dé ibi tí kò ní bó màlúù lọ́rùn. Màlúù tí kò tíì mọ iṣẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń so pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti mọ̀ ọ́n, kí ọmọdé lè ti ara àgbà kọ́ ìrìn.

Àwọn baba wa kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáko. Ọkọ́ ni wọ́n fi kọ ebè. Eṣinṣin kan wà tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń fi àrùn pa àwọn màlúù ńlá ní ilẹ̀ igbó. Kò jẹ́ kí fífi màlúù túlẹ̀ fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní òkè Ọya pàápàá, láàrin àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ Haúsá bí a ti ń ṣe é. Ohun tí ó sún mọ́ àjàgà jù lọ ní abúlé tí mo dàgbà sí ni igi mẹ́ta tí a so ní onígun mẹ́ta mọ́ ewúrẹ́ olójúkòkòrò lọ́rùn, kí ó má baà ráyè gba àárín ọgbà wọ oko olóko. Èyí náà kò sì fa ohunkóhun. Nítorí náà, inú ìwé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti pàdé àjàgà. Bíbélì ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà.

Odidi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884. Àjàyí Crowther ni aṣáájú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, n kò sì mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ jù ú lọ láti kọ ọ̀rọ̀ nípa ọrùn. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Òṣoògùn, ìlú rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ròyìn bí wọ́n ti fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń so ewúrẹ́, àti bí ó ti jẹ́ pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n fi irin sí ọrùn ọmọdé àti àgbà, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan so gbogbo wọn pọ̀. Bí inú bá bí àgbàlagbà kan tí ó fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn ọmọdé ni ó ń gba ọgbẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Bírítéènì gbà wọ́n lójú omi. Òfin Mósè wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi akọ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ túlẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá ti bá ẹni tí ó tóbi jù ú lọ wọ ẹ̀wọ̀n kan náà kò ní béèrè ìdí òfin yẹn.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé Yorùbá inú Bíbélì náà kò da ohun gbogbo pọ̀. Ìdè wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ṣẹkẹṣẹkẹ wà níbẹ̀. Àjàgà dá dúró ní tirẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni a fi ń dènà kí ènìyàn má sá lọ. Àjàgà ni a fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Jésù, nínú Ìhìnrere Mátíù, pe àwọn tí ó ti rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ṣèlérí fún wọn pé ọrùn wọn yóò wà lófìfo. Àjàgà tirẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ wa sì fi ṣàpèjúwe àjàgà náà ni rọrùn. Mo ka ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí etí mi tó là sí i pé ọrùn ń dún nínú rẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá dára tó báyìí, a kì í rántí mọ́ pé ìtumọ̀ ni.

Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi màlúù túlẹ̀ láti ayébáyé ti gbé ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà. Jugum ni àwọn ará Róòmù ń pè é, láti inú rẹ̀ ni òyìnbó sì ti fa ọ̀rọ̀ tí ó ń lò fún ohun tí ó jẹ mọ́ tọkọtaya yọ, nítorí pé ọrùn méjì ni ó wọ inú igi kan. Àwa náà kò ṣàìmọ ìdè rere: a ń so yìgì, ẹ̀rù sì ń bà wá bí yìgì bá fẹ́ tú. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni àwọn ará Íńdíà ti rí yoga, èyí tí wọ́n fi ń kó ara àti ọkàn ní ìjánu. Ṣùgbọ́n àjàgà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 321 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Sámínáítì ká ọmọ ogun Róòmù mọ́ àfonífojì kan. Wọ́n ri ọ̀kọ̀ méjì mọ́lẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kẹta dábùú orí wọn, wọ́n sì mú kí gbogbo wọn tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ rẹ̀. Àjàgà ni wọ́n pe ìyẹn pẹ̀lú. Kò sí ilẹ̀ tí a fi túlẹ̀, kò sí ohun tí a fi fà. Ìtìjú nìkan ni.

Ní ilẹ̀ Áílándì, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó dúró fún àjàgà ti gbó dé ibi pé ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lẹ́nu ẹni ni wọ́n ń fi í pè. Ìlò yẹn ń pa ni lẹ́rìn-ín, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ní ọ̀dọ̀ wa, àjàgà ń gbó lọ ní ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n tiwa kò pa ni lẹ́rìn-ín. Àìríṣẹ́ di àjàgà, àìsàn di àjàgà, àìtètè rí ọkọ fẹ́ di àjàgà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń jẹ́ orúkọ fún gbogbo ìṣòro, kò lè sọ ìdí ẹyọ kan nínú wọn mọ́. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá wí pé àjàgà wà ní ọrùn òun ń tọ́ka sí olóko: ọba Ásíríà, Fáráò, tàbí Rèhóbóámù tí ó fọ́nnu pé òun yóò fi kún àjàgà tí bàbá òun gbé lé àwọn ènìyàn. Lóde òní, a kì í béèrè olóko. Ìyá arúgbó tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ni a ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹsẹ kan wò tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ nínú irú àdúrà bẹ́ẹ̀, orí kẹwàá ìwé Àìsáyà, ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 fi hàn pé ìfòróróyàn ni ó ba àjàgà náà jẹ́, orí rẹ̀ sì ni òwò ìgò òróró dúró lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ òróró, ó sì lè jẹ́ ọ̀rá. Àwọn atúmọ̀ mìíràn ní òde òní kà á báyìí pé màlúù náà sanra títí ọrùn rẹ̀ fi fọ́ igi náà. Èyí wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọrùn tí a bọ́ ni ó já àjàgà. Ọmọ tí ó jẹun yó, tí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí ìdílé rẹ̀ yí i ká, ọrùn rẹ̀ ń nípọn lójoojúmọ́. Ẹni tí a bá yà kúrò lára àwọn tí ń bọ́ ọ, tín-ín-rín ni ọrùn rẹ̀ yóò máa dà.

Ìṣèlú wa náà jẹ nínú àṣìlò yìí. Ní ọdún 1960, a yọ̀ pé a ti já àjàgà amúnisìn, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Jeremáyà ti kìlọ̀. Jeremáyà gbé àjàgà sí ọrùn ara rẹ̀ láti fi ṣe àmì. Wòlíì kan tí ń jẹ́ Hananáyà bọ́ síwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dá a sí méjì. Inú àwùjọ yóò ti dùn tó! Èsì tí ó sì dé ni pé ti igi ni ó dá, ti irin ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1966, kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí a gba òmìnira, ológun dé. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1999, ọdún tí alágbádá fi ṣe ìjọba kò ju bíi mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó mọ̀ bí a ti ń dá igi lójú agbo pọ̀ láàrin wa. Ẹni tí yóò béèrè pé ta ni yóò jùmọ̀ fa ohun ìtúlẹ̀, ta ni yóò sì kó èrè oko lọ, ni ó wọ́n.

N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni tẹ ọrùn sílẹ̀ fún aninilára. Àjàgà Fáráò, kí a fọ́ ọ. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a tó gbé àáké, kí a kọ́kọ́ wo igi tí ó wà ní ọrùn wa dáadáa, kí a sì wo ẹni tí ọrùn rẹ̀ wà ní apá kejì rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ń bá wa fà á ni.

Ní ọdún Àjíǹde náà, mo dá lọ sí ilé. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Ó béèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó wá?" N kò mọ ohun tí ǹ bá wí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun o. Ó ti ríṣẹ́ nìyẹn."