Àwo Tí Kò Sórin Tá A Ó Fò

Ẹ gbé Juju Music tí King Sunny Adé ṣe lọ́dún 1982 sí i nílé ọtí kan n'Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan á ní kí wọ́n yí i. Orin 7 ni, kò séyìí tó tẹ́. Nínú “Ja Funmi”, gángan ń sọ, gìtá ń fèsì, gìtá onírin Démọ́lá Adépọ̀jù sì ń yọ́ gba àárín wọn bí òróró. Kò sẹ́ni tó kánjú!

Nínú àwọn àwo Sunny Adé àtijọ́, orin kan lè gba ojú àwo kan tán láìdánu dúró. Àmọ́ Island Records, iléeṣẹ́ tó gbé Juju Music jáde, fẹ́ kí wọ́n gé orin kéékèèké fún òyìnbó. Gígé yẹn ìbá ba tẹlòmíì jẹ́. “365 Is My Number” nìkan tó owó àwo, lójú tèmi.