Gbólóhùn Tó Gba Iyàn

Bí àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé iye ojú ewé ni mò ń wò. Gbólóhùn kan ni mò ń wá, èyí tí òǹkọ̀wé fi sọ ohun tí òun gan-an rí nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọ lé lórí, tí gbogbo ìyókù iṣẹ́ náà yóò sì máa gbè lẹ́yìn. Gbólóhùn àbá là ń pè é ní kíláàsì; tísíìsì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é láàárín ara wọn. Ìparí ìfáárà ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n inú ìkádìí ni mo ti sábà ń bá a, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ ohun tó fẹ́ sọ títí yóò fi kọ ọ́ tán. Màá fi bírò yí i po, màá fa ọfà gígùn láti ibẹ̀ padà síwájú, màá sì ní kí onítọ̀hún lọ tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí apá mìíràn nínú àròkọ ìmọ̀ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn jókòó ti gbólóhùn kan ṣoṣo, kó yọ ọ̀rọ̀ kan, kó fi òmíràn rọ́pò, kó tún kà á sókè létí ara rẹ̀, títí gbólóhùn náà yóò fi di èyí tí ẹlòmíràn lè dìde kó ní "n ò gbà" sí, ayọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Iyàn yẹn ni òṣùwọ̀n mi. Gbólóhùn tí kò sí ọlọ́gbọ́n kan tó lè takò ó, kí la fẹ́ fi odidi orí mẹ́rin gbè é sí?

Àwọn ọmọ wa sì ti mọ èyí nígbà kan rí. Mélòó nínú wa ni kò dúró síwájú kíláàsì rí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó kí alága, tó kí àwọn adájọ́ àti olùṣọ́ àkókò, kó tó fi ohùn gooro kéde pé iṣẹ́ àgbẹ̀ dára ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ìhà tí òun wà. Ó mọ̀ pé ẹnì kan jókòó sí òdìkejì tó ń dúró de òun. Lóòótọ́, olùkọ́ ló pín ìhà fún un, ìhà méjì péré ló sì wà, ṣùgbọ́n ó kéré tán kò dìde láti wá sọ fún wa pé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, iṣẹ́ olùkọ́ náà sì wà.

Ìgbà tó bá dé girama ni nǹkan máa ń yí. Àròkọ á di ìfáárà, ara àròkọ àti ìkádìí, ìfáárà á sì máa fi "Kí ni à ń pè ní…?" bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olè jíjà ni wọ́n ní kí ọmọ náà kọ nípa rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi yé olùyẹ̀wò pé olè jíjà ni kí ènìyàn mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹni pé wọn ò ja olùyẹ̀wò lólè rí. Wọ́n ń fún un ní máàkì, mi ò ní parọ́. Àṣà yẹn ló ń bá a dé yunifásítì, tí yóò wá di: "Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò…" Ẹni tó ní òun fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò kò tíì sọ ohun tó rí. Ènìyàn lè yẹ ilé kan wò yányán kó má sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwa olùkọ́ náà kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ lọ wo àkọlé àwọn iṣẹ́ tó tò sórí pẹpẹ ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé àgbéyẹ̀wò kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan mú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tó jáde ní 1970, wá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ẹni tó bá ka Yorùbá ní girama yóò rántí eré náà: Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tí kò lọ́mọ láyé, ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó ní kí wọ́n pa ẹrú rẹ̀ Adétutù nítorí oyún, Látòósà àti àwọn olóyè dìde sí i, òun náà sì gbé májèlé jẹ. Gbólóhùn tí ọmọ náà kọ́kọ́ mú wá ni pé òun yóò ṣe àgbéyẹ̀wò ẹ̀dá-ìtàn Ẹfúnṣetán. Mo dá a padà. Ó tún dé: "Ẹfúnṣetán jẹ́ òǹrorò obìnrin." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré náà ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò nílò alágbàwí. Ìgbà tó tún padà wá, inú ti ń bí i díẹ̀, ìbínú náà sì ṣe é láǹfààní: "Ìṣọ̀lá kò ṣe dáadáa sí Ẹfúnṣetán."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Ìhà ti wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tó kù ni pé "kò ṣe dáadáa" gbòòrò jù. Ènìyàn lè wí bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni láìṣí ìwé kankan. Mo bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá fa ìwé Àlùfáà Samuel Johnson yọ nínú báàgì, *The History of the Yorubas*, èyí tí Johnson kọ parí ní 1897, tó kú ní 1901 láìrí i ní títẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ Ọbadáyà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní 1921. Ó ti fi ìwé pélébé sí ojú ewé tó fẹ́. Nínú ìwé yẹn, Ẹfúnṣetán ní ẹrú bíi 2,000 nínú àwọn oko rẹ̀ nìkan. Ẹ̀sùn tí Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi kàn án kò kan aboyún kankan: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde fúnra rẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Látòósà gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ẹfúnṣetán sì kú ní 1874, àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa á lóru, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Látòósà. Kò gbé májèlé jẹ.

"Ó dáa," mo ní, "sọ ìyẹn ní gbólóhùn kan."

Ó jókòó sí igun tábìlì mi, ó kọ, ó pa á, ó kọ. Èyí tó dé ọwọ́ mi ni: "Ìṣọ̀lá gbé ìwà ìkà Ẹfúnṣetán ka orí ìbànújẹ́ obìnrin tí kò lọ́mọ láyé, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ bo ìjà agbára àti owó tó wà láàárín rẹ̀ àti Látòósà mọ́lẹ̀." Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ti pín iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Orí kan yóò dúró lé òfin oyún, orí kan yóò dúró lé ẹ̀sùn mẹ́ta Látòósà, orí kan yóò fi ikú inú eré wé ikú inú ìwé Johnson. Ó tún lé àlejò tí a kò pè jáde: àlàyé gígùn tó ti kọ lórí bí wọ́n ṣe tẹ Ìbàdàn dó kò ríbi jókòó mọ́. Ó dùn ún láti yọ ọ́. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjèèjì mọ̀ pé ìgbà mìíràn ọ̀hún kò ní dé.

Kò tíì dá mi lójú tán. Ikú inú eré náà ń dà mí láàmú, nítorí obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ikú dípò kó di ẹrú Látòósà kò tíì di ẹni tí a gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ já àbá yẹn nílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ni nìyí: ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lẹ́nu alátakò, gbà á, kí o fi ṣíwájú gbólóhùn tìrẹ. "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" wúlò níbẹ̀ ju ojú ewé ìdáhùn lọ.

Ohun tó ń da ọmọ náà láàmú ní tirẹ̀ yàtọ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé mò ń bú Baba Ìṣọ̀lá?" Ìbẹ̀rù yìí ń pa àbá púpọ̀ nílẹ̀ wa. A ti tọ́ wọn pé ẹnu ọmọdé kò gbọdọ̀ ju ti àgbà lọ, ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe àgbà tó jókòó ní ìyẹ̀wù. Mo kàn fi ìka tọ́ka sí "bo mọ́lẹ̀". Mo bi í bóyá ó lè fi ẹ̀rí hàn pé Ìṣọ̀lá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní kò sí. "Nígbà náà, má sọ ohun tí o ò lè fi hàn." Ó pa á rẹ́, ó kọ "farasin". Ọ̀rọ̀ kan péré, ìfinisùn lọ, ẹ̀rí dúró. Èyí tó tẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn rèé:

"Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìṣọ̀lá fún Ẹfúnṣetán ní agbára láti yan ikú ara rẹ̀, orí ìbànújẹ́ obìnrin tí kò lọ́mọ láyé ló gbé ìwà ìkà rẹ̀ kà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjà agbára àti owó tó wà láàárín òun àti Látòósà fi farasin."

Gígùn rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ fún etí mi, mo sì mọ olùkọ́ tí yóò gé e sí méjì. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ẹ̀ka wa, ẹlẹgbẹ́ mi kan dìde kí ọmọ náà tó jókòó dáadáa. Ó ní eré kì í ṣe ìwé ìtàn, pé òǹkọ̀wé eré kò jẹ Johnson ní gbèsè kankan. Ọmọ náà dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òun kò sọ pé ó jẹ ẹ́. Ohun tí òǹwòran kò ní rí lórí ìtàgé ni òun ń sọ. Ẹlẹgbẹ́ mi ní kó lọ tún ibi tí Látòósà àti àwọn olóyè ti ń gbìmọ̀ kà, pé ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ìjà agbára níbẹ̀. Ọmọ náà ti gba oyè rẹ̀, ó ti lọ. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn bí a bá pàdé ní ibi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án: òun ní ìran yẹn tó, èmi ní kò tó.