Ọgbọ́n Ẹsẹ̀ Valentina Vezzali

Nínú àwọn obìnrin tó ti fi idà díje fún orílẹ̀-èdè Ítálì, kò sí èyí tí àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì rẹ̀ tó ti Valentina Vezzali, tí wọ́n bí ní ọdún 1974 sí Jesi, ìlú kékeré kan ní agbègbè Marche, níbi tí Ezio Triccoli ti dá ẹgbẹ́ eléré idà sílẹ̀ ní ọdún 1947, lẹ́yìn tó ti kọ́ eré náà ní àgọ́ àwọn tí ogun kó lẹ́rú ní Gúúsù Áfíríkà.

Fọ́ìlì ni idà tí Vezzali yàn láàyò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 500 lọ, tó jẹ́ pé ṣónṣó rẹ̀ nìkan ni a fi ń gba ayò, tí ayò náà kì í sì í kà àfi tó bá kan agbedeméjì ara alátakò, láìkan apá tàbí ẹsẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tó máa ń rú òǹwòran lójú: bí àwọn méjèèjì bá gún ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ ìjà síwájú ni rẹfirí yóò fún ní ayò, àyàfi bí ẹnìkejì bá ti kọ́kọ́ fi idà tirẹ̀ gbá idà náà kúrò lọ́nà, nítorí nígbà náà ẹ̀tọ́ ìkọlù ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Inú òfin yìí ni Vezzali ti ń jẹun. A máa sún síwájú díẹ̀, a sì máa fà sẹ́yìn, títí alátakò yóò fi rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀, tí yóò sì ta jáde láìtó àkókò. Ìgbà náà gan-an ni idà tirẹ̀ máa ń wọlé, nígbà mìíràn láti igun tí ìwé ẹ̀kọ́ kankan kò ní gbà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, 6 sí 5 ni ó fi borí Nam Hyun-hee ti Gúúsù Kòríà ní àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ayò 15 ni òfin fàyè gbà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì kù kí àkókò tán nígbà tó gba ayò ìkẹyìn. Ó lè sú ẹni tó fẹ́ràn ariwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di idà mú rí yóò mọ̀ pé ẹ̀rù ara wọn ló ń ba àwọn méjèèjì. Wúrà ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan kẹta rẹ̀ léraléra nìyẹn, lẹ́yìn ti 2000 àti 2004. Ó bímọ ní 2005, ó sì borí nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún náà gan-an.

Àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì 9, tí 6 nínú wọn jẹ́ wúrà, ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2016. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ fọ́ìlì wá fídíò àwọn ìdíje wọ̀nyí, kó sì kọ́kọ́ gbójú kúrò lára idà, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.